Ọjọ́ Tí Mo Di Kọ̀ǹpútà

Ojú ẹ̀rọ ni mo kọ́ níwèé. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ mi, wọ́n á ní, "Dádì, kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Mo sì máa ń ní kí wọ́n fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Kọ̀ǹpútà ní inú, ó sì ní ojú. Inú rẹ̀ ni ìṣirò wà. Ojú rẹ̀ ni èèyàn ń bá pàdé: ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni, ibi tí a ó tẹ̀ kó tó gbọ́, ọ̀rọ̀ tí yóò sọ bí a bá ṣì í tẹ̀. Inú ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ràn. Ojú ló wu èmi, nítorí pé nílé tí wọ́n ti bí mi, ojú onílé ni àlejò fi ń mọ̀ bóyá kóun jókòó tàbí kóun máa lọ.

Ayé ológun ni. Wọ́n ní kí gbogbo ìlú fún ìgbànú le, a sì ti fún un títí tí kò fi sí ihò mọ́ lára ìgbànú. Sẹ̀kọ̀nà ni bàbá mi ti ń dáko. Èmi gba yàrá kan nínú agbo ilé àtijọ́ kan láàárín ìlú Ẹdẹ, mo sì ń lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀ láti lọ gba gàrí àti iṣu. Bí epo mọ́tò bá wọ́n, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn ín padà, iṣu lórí, ìwé lábíyá. Àárẹ̀ ìgbà yẹn kì í ṣe irú èyí tí oorun ń wò. Èèyàn á sùn, á jí, á sì bá àárẹ̀ náà lẹ́bàá ẹní, tó ti jí ṣáájú òun.

Yàrá kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà wà nílé ẹ̀kọ́ wa. Bàtà kì í wọ ibẹ̀. Wọ́n da aṣọ funfun bo àwọn ẹ̀rọ náà bí ẹní bo òkú. Bí iná bá dé, a ó sáré tò sẹ́nu ọ̀nà. Kó tó kan èèyàn, iná á ti lọ. Àwọn mìíràn nínú wa kà á débi tí wọ́n fi mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà lára kọ̀ǹpútà láì tíì fọwọ́ kàn án.

Olùkọ́ wa, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó kàwé lókè òkun tó sì padà wálé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá lọ, wọlé lọ́jọ́ kan ó bá wa níbi tí a tò sí.

"Iná lẹ ń dúró dè?" ó ní. "Ẹ lọ ra páálí."

A rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ó ní kí oníkálukú ya ojú ẹ̀rọ tirẹ̀ sórí páálí. Ẹni tí yóò lò ó á jókòó, á fi pẹ́ńsù kọ ohun tí páálí bá béèrè, tàbí kó fi ìka tẹ ibi tó bá fẹ́. Ẹni tó yà á ni yóò ṣe bí ẹ̀rọ: á mú páálí yẹn kúrò, á gbé èyí tó kàn síwájú ẹni náà. Ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ la ẹnu, kò gbọdọ̀ júwe, kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ máa sọ gbogbo ohun tó ń ṣe jáde lẹ́nu, kí a lè gbọ́ ibi tí ọ̀nà ti dí mọ́ ọn.

"Bó bá ṣì í," olùkọ́ á ní, "ìwọ lo ṣì í. Òun kọ́ ló ya ojú yẹn."

Iṣẹ́ àṣekágbá wa nìyẹn. Ẹni tí kò bá yege níbẹ̀, kò sí ìwé ẹ̀rí. Ìgbà tí a sì ń mú un lọ́wọ́ ni a gbọ́ pé olùkọ́ náà ti rí ọ̀nà gbà padà sókè òkun. Kò sí ẹlòmíì tó mọ iṣẹ́ yìí láàárín àwọn olùkọ́. Bí kò bá fọwọ́ sí tèmi kó tó lọ, ọdún mìíràn ni, bàbá mi sì ti sọ ọ́ kedere pé ọdún yìí ni oko òun lè gbé mọ.

Ilé ìwòsàn kékeré kan nígboro ni mo fi ṣe iṣẹ́ tèmi. Obìnrin tó ń mójú tó káàdì àwọn aláìsàn níbẹ̀, ìyàwó ilé ni nínú agbo ilé tí mo háyà yàrá sí. Ìyá Oníkáàdì ni gbogbo wa ń pè é. Mo ya ojú ẹ̀rọ tí yóò máa bá a wá káàdì ẹni tó bá gbàgbé nọ́ńbà rẹ̀ sílé. Yorùbá ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo kó páálí mi lọ bá a lójúde.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dán ẹ̀rọ kan wò."

"Ẹ̀rọ dà?"

"Èmi ni, mà."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwé ti yí ọmọ yìí lórí."

Ó jókòó ṣá. Mo gbé páálí àkọ́kọ́ síwájú rẹ̀: KỌ ORÚKỌ ALÁÌSÀN. Ó kà á, ó tún un kà.

"Kò ní kí mi ni? Ó bá mi lẹ́nu iṣẹ́, kò ní mo kú iṣẹ́, ó ní kí n kọ orúkọ aláìsàn. Ọmọ ta ni ẹ̀rọ yìí?"

Ẹ̀rọ kì í sọ̀rọ̀. Mo lọ kọ Ẹ KÚ IṢẸ́ sókè páálí náà, mo sì sọ "kọ" di "ẹ kọ", inú rẹ̀ sì dùn. Orúkọ tí mo hùmọ̀ ló fi ń dán an wò lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo rẹ̀ sì ń lọ bí omi. Mo ní ó tán. Mo ní n ó sinmi.

Ọjọ́ ìdánwò, olùkọ́ bá wa nílé ìwòsàn láàárọ̀. Àwọn aláìsàn ti kún orí bẹ́ǹṣì. Mo ti kọ orúkọ àwọn tó ń wá síbẹ̀ déédéé sára páálí kéékèèké, mo tò wọ́n sórí itan. Aboyún kan wá, Ìyá Oníkáàdì kọ orúkọ rẹ̀, mo gbé páálí rẹ̀ jáde. Ìyá arúgbó kan wá, òun náà jáde. Olùkọ́ ń mi orí. Ọkàn mi ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ni bàbá kan bá wọlé, ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyá Oníkáàdì, tí gbogbo wa jọ ń gbé agbo ilé kan náà. Orúnkún ló ń dùn ún. Ó gbàgbé nọ́ńbà rẹ̀ sílé.

Ìyá Oníkáàdì kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ káàárọ̀."

"Ìyàwó mi, wọ́n ní o ti di ọ̀gá ẹ̀rọ."

"Ẹ̀rọ náà nìyí." Ó nawọ́ sí mi.

"Mo mọ ẹ̀rọ yìí," bàbá ní. "Òun ló ń pọn omi tó ń dà á sílẹ̀ lọ́nà."

Àwọn ará bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Mi ò ṣẹ́jú. Ìyá Oníkáàdì mú pẹ́ńsù, ó sì dúró.

"Mà, ẹ máa sọ ọ́ jáde," olùkọ́ ní.

"Orúkọ ló ní kí n kọ."

"Ẹ kọ ọ́, mà."

Ó wo bàbá, ó wò mí, ó tún wo páálí. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́, ó sì ń pè é bó ṣe ń kọ ọ́: "A-kọ̀-wé."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni ó bá níbẹ̀. Yóò wá orúkọ mìíràn fún un, èyí tí òun yóò máa pè é títí ọjọ́ alẹ́. Bàbá yìí kò mọ ìwé kankan o. Nígbà èwe rẹ̀, bírò ló máa ń há sápò bí ó bá ń lọ sóde, ni àwọn ìyàwó bá sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ló wà lára páálí mi.

Páálí náà sì wà lábẹ́ àtàǹpàkò mi. Olùkọ́ kò mọ bàbá yìí rí. Bí mo bá fà á yọ, n ó yege, n ó sì lọ sùn. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rọ ló jókòó, ẹ̀rọ kì í sì í gbé agbo ilé. Mo gbé èyí tí ẹ̀rọ ìbá gbé jáde: KÒ SÍ ẸNI TÓ Ń JẸ́ BẸ́Ẹ̀ NÍBÍ. Ẹ TÚN UN KỌ.

"Kò sí kẹ̀?" Ìyá Oníkáàdì ní. "Ta ló wá dúró níwájú mi yìí?"

"Àbí mo ti kú ni?" bàbá béèrè.

Ó tún un kọ, ó kọ ọ́ gàdàgbà. Mo tún gbé páálí kan náà síwájú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí! Àná ni ìwọ àti wọn jọ fọwọ́ bọ abọ́ ẹ̀bà kan náà!"

"Ìyàwó, pè wọ́n lórúkọ, ká ráyè lọ sílé," ẹnì kan ké láti orí bẹ́ǹṣì.

"Ìwọ lọ pe ẹ̀gbọ́n ọkọ tìẹ lórúkọ!" Ó ju pẹ́ńsù sílẹ̀, ó dìde, ó fa káàdì bàbá yọ lórí pẹpẹ, ó sì gbé e lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Olùkọ́ ti báàgì rẹ̀.

Níta, ó bi mí pé, "Ta ló ṣì í?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé ìyá rẹ ń pe àwọn ará ilé bàbá rẹ lórúkọ?"

"Rárá, sà." Bàbá Kékeré ni màmá mi ń pe àbúrò bàbá mi tó kéré jù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n ṣì ń pọ̀n ọ́n sí nígbà tí màmá mi dé ilé náà. Inú àṣà yìí ni mo dàgbà sí. Kò sọ sí mi lọ́kàn rárá nígbà tí mò ń ya páálí.

"Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ," olùkọ́ ní. "Mà á yà síbí láàárọ̀ Ọjọ́rú. Obìnrin kan náà, bàbá kan náà." Ohùn rẹ̀ kò le. Ó dà bí ohùn ẹni tí ó ti rẹ̀ ju èmi lọ.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Oníkáàdì nírọ̀lẹ́. Ó jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀ dáadáa. Òun àti àwọn ìyàwó ilé yòókù ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí.

"Dìde. Kí lo tún fẹ́?"

"Orúkọ tí ẹ ń pè wọ́n, mà. Gbogbo wọn."

Wọ́n kó ẹnu bò ó: Eyínfúnjowó, Bàbá Kékeré, Ìbàdíàrán. Ọ̀kan ní kí n má gbàgbé pé Akọ̀wé wà nílé tí wọ́n ti bí òun náà. Òmíràn ní ilé wo ni kò sí Akọ̀wé? Ọkàn mi tún rẹ̀wẹ̀sì, torí pé bí ẹ̀rọ bá gbọ́ Akọ̀wé, Akọ̀wé ta ni yóò mú?

Owó páálí ti tán, mo tú páálí ọṣẹ. Mo ya ojú kan fún ọjọ́ tí aláìsàn bá kọ́kọ́ wá: KÍ NI ÀWỌN ÌYÀWÓ ILÉ Ń PÈ YÍN? Mo ya òmíràn tí yóò to gbogbo Akọ̀wé sílẹ̀, pẹ̀lú agbo ilé oníkálukú àti iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó ń wá a lè fi ìka tọ́ka. Ọrùn ń dùn mí, ojú ń ta mí.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, bàbá tún dé. Ìyá Oníkáàdì kọ Akọ̀wé, ó pè é jáde, ó sì tẹjú mọ́ mi bí ẹni tó ń dúró de ìjà. Mo gbé àwọn Akọ̀wé síwájú rẹ̀.

"Áà," ó ní. "Èyí, awakọ̀ ni. Èyí, n ò mọ̀ ọ́n. Tiwa nìyí, àgbẹ̀." Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Mo fa páálí bàbá jáde.

"Mo ti jí dìde," bàbá ní.

Olùkọ́ jókòó sẹ́bàá tábìlì, ó fọwọ́ sí iṣẹ́ mi. "Ó dáa," ló sọ. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó wo yàrá náà yí ká bí ẹni tí ẹrù rẹ̀ ti kún jù, ó sì lọ.

Mo rò pé n ó fò sókè. Ẹsẹ̀ mi kò gbà. Mo rí àyè lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aláìsàn, mo jókòó síbẹ̀, mo fi orí ti ògiri. Ìyá Oníkáàdì pe ẹni tó kàn, ó sì rí mi.

"Kí ló ń ṣe ìwọ náà?"

"Ó rẹ̀ mí ni, mà."

"A ò ní oògùn ìyẹn níbí. Sún, kí ìyá yìí rí ibi jókòó."

Mo sún.