Bàbá Olópòó àti Igun Kẹrin

Bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ Bàbá Olópòó tó máa ń kọ́ ọgbà, tó ti di olóògbé báyìí, ìtàn ọjọ́ tí Ọ̀gá Onímàlúù fẹ́ ṣí oko rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Ìyá Onítòmátì, ìyàwó Bàbá Olópòó, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní ká ní ilẹ̀ lanu ni, òun ì bá kọ́kọ́ ti ọkọ òun sínú rẹ̀ kí òun tó wọlé tẹ̀lé e.

Ọgbà ti yí oko ká. Òpó dúró, wáyà le dáadáa, ó ń dán nínú oòrùn. Àwọn àlejò ti jókòó sábẹ́ ìbòòrùn, màlúù wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti sọ fún dẹ́rẹ́bà pé bí wọ́n bá ti ya fọ́tò tán ni kó ṣílẹ̀kùn. Ọ̀gá Onímàlúù dé fìlà tuntun, ó fẹ̀yìn ti òpó igun, ó rẹ́rìn-ín sí oníṣẹ́ fọ́tò. Òpó náà dún kẹ́ẹ̀. Kò dún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ kò lè gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Bàbá Olópòó, tó jókòó lẹ́yìn gbogbo èrò, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi fún, gbọ́ ọ, ó sì gbé ife sílẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kúrò lára òpó yẹn."

"Bàbá, ẹ jẹ́ á ya fọ́tò tán ná."

"Fọ́tò wo? Òpó tó ti kú lẹ fẹ́ bá ya fọ́tò?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìdí òpó, ó wo orí rẹ̀, ó mi orí. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí lè rò pé gbogbo òpó ló dọ́gba nínú ọgbà. Rárá o. Òpó igun ni wáyà ń fà lọ́tùn-ún lósì, bí kò bá sì ní àtìlẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa tẹ̀, títí yóò fi dọ̀bálẹ̀ kí ẹran tó ń kọjá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ri òpó kejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á dábùú igi sáàárín àwọn méjèèjì lókè, tí wọ́n á wá na wáyà láti ìsàlẹ̀ òpó igun gòkè lọ sí orí òpó kejì, tí wọ́n á sì fi igi kékeré lọ́ ọ títí yóò fi le. Bí wáyà náà bá ti orí òpó igun sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ òpó kejì, ọ̀rọ̀ ti dòdì, ọ̀ṣọ́ lásán ló ń ṣe níbẹ̀. Bàbá Olópòó ti wàásù èyí fún tọmọdé tàgbà. Òun náà ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ na ti Ọ̀gá Onímàlúù lódìlódì.

"Ta ló ṣe é bẹ́ẹ̀?" ni Ọ̀gá bi í.

"Èmi ni." Bàbá Olópòó gbé ohùn sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. "Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ló fà á. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ló fi bá mi jà láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ṣiṣẹ́ yìí. Orí mi ò pé mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú."

Gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ Ìyá Onítòmátì. Kí ó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ọkọ rẹ̀ ti fa ẹ̀mú tó fi ń gé wáyà yọ.

"Bàbá," ni Ọ̀gá ń bẹ̀ ẹ́, "orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

"Kì í ṣe orí ló ń fọ́ ọ. Ẹsẹ̀ ni."

Ló bá gé e. Ẹ̀gbẹ́ ọgbà yẹn sì rọ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tútù lórí okùn. Dẹ́rẹ́bà, tó rí i pé Ọ̀gá ti kúrò nídìí òpó, rò pé wọ́n ti ya fọ́tò tán, ó ṣílẹ̀kùn. Àwọn màlúù gba ẹnu ọ̀nà wọ oko, wọ́n gba igun jáde, wọ́n sì wá bá àwọn àlejò lábẹ́ ìbòòrùn. Fọ́tò ọjọ́ náà ṣì wà lára ògiri pálọ̀ Ọ̀gá Onímàlúù. Màlúù ló wà láàárín, ó ń jẹ fìlà.

Kí oòrùn tó wọ̀, Bàbá Olópòó ti tún igun náà ṣe, kò sì sí màlúù tó gba ibẹ̀ jáde mọ́ títí dòní. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé. Ohun tó ń dùn ún ni pé òótọ́ ni òun bá a jà nítorí ewúrẹ́, bẹ́ẹ̀ òun ló sì jàre.

Ẹ̀yìnkùlé wọn ni oko tòmátì rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ni owó oúnjẹ ilé ti ń wá nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń kọ́ ọgbà, ibẹ̀ náà ni ọmọ wọn obìnrin ti rí owó iléèwé san títí ó fi di nọ́ọ̀sì. Aládùúgbò wọn kan ní ewúrẹ́ rẹpẹtẹ. Ojoojúmọ́ ni ewúrẹ́ ń wọ oko náà, wọ́n á jẹ ewé, wọ́n á tẹ ìyókù mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọkọ tó ń kọ́ ọgbà fún gbogbo àgbègbè ló wà nínú ilé.

"Bàbá wọn," ni Ìyá Onítòmátì máa ń wí, "ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde o."

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Ìyá wọn."

"Ẹ̀sọ̀ yín yìí, tòmátì mi ló ń jẹ."

Ká má parọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe pé Bàbá Olópòó kò ṣe nǹkan kan. Ó ti ri igun mẹ́ta, àwọn igun náà sì dúró débi pé erin lè fara ha wọ́n. Igun kẹrin ni wàhálà. Ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà kọjá, ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Bí ó bá ri òpó síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á dúró ṣánṣán. Bí òjò bá ti rọ̀, á fì díẹ̀. Ojú ẹlòmíràn kò lè rí fífì náà. Bàbá Olópòó á rí i, á hú òpó náà, á tún bẹ̀rẹ̀. Kò sì gbà kí wọ́n na wáyà kankan sára igun mẹ́ta tó kù. Ó ní ọgbà tí igun rẹ̀ kan bá ń purọ́, irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Báyìí ni òpó ńláńlá ṣe dúró láyìíká oko fún ọ̀pọ̀ ọdún tí kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Ewúrẹ́ ń gba àárín òpó kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, òbúkọ kan dúró, ó ń fi ara ha òpó igun kejì gidigidi. Bàbá Olópòó sáré pe ìyàwó rẹ̀ jáde. "Ẹ wò ó," ni ó ń wí, inú rẹ̀ ń dùn, "kò mì rárá." Ewé tòmátì wà lẹ́nu òbúkọ náà.

Káfíńtà tó jẹ́ aládùúgbò wọn mìíràn, tí wọ́n tún jọ máa ń ṣiṣẹ́ nígbà míì, gbà á nímọ̀ràn pé kó da sìmẹ́ńtì sí ìdí igun kẹrin.

"Sìmẹ́ńtì nínú ẹrọ̀fọ̀?" ni Bàbá Olópòó dá a lóhùn. "Á ṣubú náà ni. Bàtà sìmẹ́ńtì ni á kàn wọ̀ ṣubú."

Nígbà tó di pé Bàbá Olópòó lọ ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn, Ìyá Onítòmátì bẹ Káfíńtà pé kó ri òpó èyíkéyìí sí igun kẹrin, kó sì na wáyà. Wọ́n ṣe é. Ewúrẹ́ kò wọlé mọ́. Tòmátì yọ òdòdó, ó so, ó ń pọ́n. Obìnrin náà ti fọ agbọ̀n tí yóò fi kó o lọ sọ́jà. Bàbá Olópòó dé láti ìrìn àjò, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ kó tó bọ́ bàtà. Ó fi èjìká kan òpó tuntun náà, òpó náà sì mì díẹ̀. Kí ìyàwó rẹ̀ tó bu omi mímu dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ká wáyà, ó ti fi kọ́ èjìká. Ewúrẹ́ ló kó tòmátì ọdún yẹn. Ìyá Onítòmátì bá a yan odì. Yàtọ̀ sí ẹ káàárọ̀ àti oúnjẹ rè é, kò sọ nǹkan kan sí i títí ọmọ wọn fi wá láti ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́, tó wá parí ìjà.

"Màámi, ẹ ṣe sùúrù," ni ọmọ náà wí.

"Sùúrù mi ti so, ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́."

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n lọ dá ìbẹ̀wò padà nílé àwọn òbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, Bàbá Olópòó fọwọ́ ba òpó fàráńdà bó ti ń wọlé. Òpó náà mì. Ìyá Onítòmátì rí ojú ọkọ rẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ọkọ rẹ̀ bọ́ ẹ̀wù òkè, ó sì gbé bẹ́ńṣì tí wọ́n tẹ́ aṣọ lé fún àwọn àlejò láti fi ti òpó. Ìdúró ni ìyàwó rẹ̀ wà jálẹ̀ ìpàdé.

"Àna wa, ẹ wọlé wá," ni bàbá ọkọ ń pè é. "Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ la fẹ́ sọ."

"Mò ń gbọ́ yín níbí. Mo ti fọwọ́ sí i. Ẹ bá mi gbé òkúta yẹn."

Ọmọbìnrin náà sunkún nínú yàrá. Títí di ìsinsìnyí, bẹ́ńṣì náà ṣì wà nídìí òpó, àwọn àna kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò.

Nígbà tí àìsàn dé bá Bàbá Olópòó, ilé ìwòsàn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ. Ìyá Onítòmátì ń gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ọkọ rẹ̀ ṣíjú, ó pè é. Obìnrin náà sún mọ́ ọn, ó rò pé ọ̀rọ̀ ìdágbére ni.

"Ìyá wọn, bẹ́ẹ̀dì yìí ń mì."

"Bàbá wọn, ẹ sùn."

"Ẹ bá mi wá wáyà díẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ yìí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbà á lọ sókè níbẹ̀ yẹn. Ẹ má gbà á sódì o."

Ìyàwó rẹ̀ bú u dáadáa. Lẹ́yìn náà ló lọ wá wáyà, ó so ó bó ṣe ní kí òun so ó, bẹ́ẹ̀dì kò sì mì mọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì tó kù wá ní kó bá wọn so tiwọn.

Nígbà tí wọ́n gbé e padà wálé, ó mọ̀ pé ọjọ́ òun kò pọ̀ mọ́. Ó ní kí wọ́n gbé àga òun sí igun kẹrin. Ó jókòó síbẹ̀, ó bo ara, ó ń pàṣẹ fún Káfíńtà. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ jìn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ gún ìdí òpó le. Wọ́n wá ri òkúta ńlá kan mọ́ inú ilẹ̀ gbígbẹ lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ibi tí omi ń gbà, wọ́n sì fi wáyà so òpó mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n lọ́ wáyà náà le tán, Bàbá Olópòó wò ó fún ìgbà pípẹ́.

"Ṣé kí n na wáyà ọgbà báyìí?" ni Káfíńtà bi í.

"Rárá. Ẹ jẹ́ kí òjò ọdún kan rọ̀ sí i ná. Bí kò bá fì, ẹ na wáyà."

Ìyá Onítòmátì fọwọ́ lérí. Òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Káfíńtà gbé wáyà wá. Ọmọbìnrin wọn náà wà níbẹ̀. "Màámi, ẹ jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀, kẹ́ ẹ lè sinmi."

"Bàbá yín ní kí òjò rọ̀ sí i kọjá."

"Ìyá," ni Káfíńtà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Bàbá ti lọ."

"Mo mọ̀ pé ó ti lọ. Òjò ni kò tíì lọ."

Káfíńtà wo ọmọ, ọmọ wo Káfíńtà, wọ́n gbé wáyà padà. Jálẹ̀ òjò ọdún náà, Ìyá Onítòmátì jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn pẹ̀lú igi lọ́wọ́, ó ń lé ewúrẹ́, ó sì ń bú ọkọ rẹ̀. "Ẹ wo iṣẹ́ tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́. Ẹ wo ojú mi láti ọ̀run lọ́hùn-ún." Lẹ́yìn gbogbo òjò ńlá, á mú agboòrùn, á lọ bẹ igun kẹrin wò. Ó ń wá fífì tí ojú ẹlòmíràn kò lè rí. Ìdajì tòmátì rẹ̀ bá ewúrẹ́ lọ. Ó dùn ún, síbẹ̀ kò ránṣẹ́ pe Káfíńtà.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró pátápátá, òpó náà dúró ṣánṣán bí ọjọ́ tí wọ́n rì í. Káfíńtà na wáyà yí oko ká, kò sì tó ọ̀sán tó fi parí. Àwọn ewúrẹ́ dé bí ìṣe wọn. Wọ́n dúró níta, òbúkọ ti orí bọ àárín wáyà, ó fà á padà, wọ́n sì bá ọ̀nà mìíràn lọ.

Ilé dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yìí ni Ìyá Onítòmátì ti ń tọrọ láti ìgbà èwe rẹ̀ nílé ọkọ, kò sì dùn rárá. Kò sí ewúrẹ́ tí yóò lé, kò sí ẹni tí yóò bá jà. Àárò ọkùnrin náà sọ ọ́ débi pé ó jókòó sílẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá wọn," ni ó wí. "Ẹ pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣeun."

Ó dúró díẹ̀, nítorí ọkùnrin náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láìfèsì rí. Lẹ́yìn náà ó fi etí aṣọ nu ojú, ó kó irúgbìn tòmátì, ó sì lọ sí igun kẹrin. Kò tíì gbin nǹkan kan síbẹ̀ rí, nítorí gbogbo ìgbà ni ọkùnrin kan ń gbẹ́ ibẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbin ín síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó jìnnà díẹ̀ sí ìdí òpó, kò sì gbẹ́ ilẹ̀ jìn.