Ìgbà Ooru Tí Ìyá Wọn Jẹ Ṣẹ́rì

Bí ṣẹ́rì, èso òyìnbó pupa kéékèèké yẹn, bá ń hó nínú ófìnnì, kì í pariwo. Á máa dún pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora, omi rẹ̀ pupa bí omi ìṣápá, á máa yọ sí etí àwo, á sì máa jó mọ́ ọn níbẹ̀. Òórùn tó ń mú jáde nígbà náà dùn, ó sì kan, lẹ́ẹ̀kan náà. N kò lè gbọ́ òórùn yẹn mọ́ kí n má wá ibi jókòó sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ má baà bínú sí mi níwájú. Ìwé díẹ̀ ni mo kà kí tíṣà tó lé mi. Ó ní bí òun bá tún kọ́ mi sí i, màá gba iṣẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹ má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni, èmi náà ni mo sọ ọ́. Lọ́rì ni mo wà títí mo fi darúgbó, láti Ìbàdàn lọ sí òkè ọya. Mo ti wa èyí tí kò ní bíréèkì rárá láti Jẹ́bà dé Ìbàdàn, tí ó jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ ẹ́ ní orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń dúró. Ẹni tó bá gbà á gbọ́, ó ṣeun. Ìyàwó mi kò gba nǹkan kan gbọ́ lẹ́nu mi, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ sọ gan-an nìyẹn.

Ilé ọmọ wa obìnrin ní Glenn Dale, ní Amẹ́ríkà, la wà nígbà náà. Nọ́ọ̀sì ni. Tó bá jáde ní àárọ̀, ó di ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú kó tó wọlé, bàtà iṣẹ́ rẹ̀ á sì máa dún wìì, wìì lórí pákó ilẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá ìyá wọn fà á láti Ìbàdàn, nígbà tó sì dé kíndìnrín ni ọmọ wa ní ká máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. A wá. Oògùn wà, dókítà wà, ilé sì gbóná nígbà òtútù. Síbẹ̀ ara ìyá wọn ń gbẹ. Ọrùn rẹ̀ di tín-ín-rín, òrùka ìgbéyàwó wa ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá ń ṣe àlùwàlá, títí tó fi fi òwú so ó.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀ wá fún. “Ẹ gbé mi lọ sílé. Ẹ̀gbẹ́ ìyá mi ni mo fẹ́ sùn sí.” Kò fi igbe sọ ọ́. Bí ẹni tó ń rán ènìyàn níṣẹ́ ló ń sọ ọ́. Gbogbo wa nínú ilé sì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Mùsùlùmí ni wá. Bí ó bá kú síhìn-ín, ìhín la máa sin ín sí kíákíá. Òun kò fẹ́ kí a ti òun sínú yìnyín mọ́ṣúárì ká máa wá ọkọ̀ òfuurufú fún òkú òun. Ààyè ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dé Ìbàdàn, tàbí kó má dé ibẹ̀ mọ́ láé.

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún wa. Ó ní bó ṣe rù yìí, kò lè jókòó nínú bàálù dé Èkó. “Kó jẹun. Bó bá jẹun, tí mo rí i pé ó fi díẹ̀ kún ara, èmi fúnra mi ni màá ní kó máa lọ.” Ọmọ mi túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ìyá wọn mi orí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, a padà sílé, kò sì jẹun.

Kí la ò sè? Ẹ̀wà tí kò níyọ̀, ẹja tí kò níyọ̀, ewébẹ̀ oríṣiríṣi. Ọmọ mi máa ń gbé tirẹ̀ fún un ṣáájú ti gbogbo ilé, nítorí abẹ́rẹ́ ṣúgà tó gbọ́dọ̀ bá oúnjẹ rìn. Lọ́jọ́ kan ó wá fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé jẹ adìẹ níwájú Mọ́mì. Kò dáa. Ewébẹ̀ aláìníyọ̀ ni wọ́n ń gbé sílẹ̀ níwájú wọn, ẹ̀yin wá ń fọ́ eegun. Ẹ máa lọ jẹ tiyín ní béésímẹ́ǹtì.”

Béésímẹ́ǹtì ni yàrá abẹ́ ilé níbi tí ẹ̀rọ ìfọṣọ wà. Mo gbà, torí pé àánú ìyá wọn ń ṣe mí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di òkété, tí mò ń jẹun lábẹ́ ilẹ̀, tí ẹ̀rọ ìfọṣọ ń gbọ̀n jìgìjìgì níwájú mi bí àlejò tí inú ń bí. Tí mo bá jẹ tán, màá nu ẹnu, màá gun àtẹ̀gùn wá sókè.

Ìgbàkigbà tí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún ìyá wọn, ìbéèrè kan náà ni. “Ṣé bàbá yín ti jẹun?” “Wọ́n ti jẹun, Mọ́mì.” Á yí ṣíbí po nínú àwo, á sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí mo bá wọlé, á bi èmi náà. “Ṣé ẹ ti jẹun?” Màá ní, “Mo ti jẹun, mo yó kẹ́ri.” Á wò mí pẹ́, á yí ojú sí fèrèsé. Àwa rò pé àìsàn ló pa ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí ooru mú, ọmọ mi rí ọjọ́ ìsinmi kan, ó fi mọ́tò gbé wa lọ sí oko kan lẹ́yìn Upper Marlboro níbi tí wọ́n ti ń jẹ́ kí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ká èso. Ìyá wọn jókòó sínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn lábẹ́ igi, ìborùn rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ṣẹ́rì ṣù yọ̀yọ̀ lókè orí rẹ̀. Mo ká ọ̀kan lé e lọ́wọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ tèmi.

“O rí èyí? Àgbálùmọ̀ ni. Àwọn òbí rẹ̀ rán an wá sí Amẹ́ríkà kó wá kàwé. Òtútù àkọ́kọ́ tó bá a níhìn-ín ló sún un kì báyìí. Ojú ń tì í láti padà sílé.”

Ètè rẹ̀ mì díẹ̀. “Irọ́ yín náà gba físà,” ó wí. Ó yí èso náà láàárín ìka, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì gbé e padà fún mi. “Ẹ jẹ ẹ́.” Mo ní rárá, tirẹ̀ ni, dókítà ní kó máa jẹ èso díẹ̀díẹ̀. Mo ṣe bí ọkọ gidi, mo tì í padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ó dì í mú títí a fi délé, ọwọ́ rẹ̀ pupa, kò jẹ ẹ́. Bí mo bá rántí èyí báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi kí n kígbe sí ọkùnrin tí mo jẹ́ nígbà yẹn létí.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi yọ kóró inú àwọn ṣẹ́rì náà, ó dà wọ́n sínú àwo tó lè wọ iná. Kò fi ṣúgà sí i. Dàbínù díẹ̀ ló rẹ sínú omi gbígbóná, ìyẹn dàbínù tó ṣẹ́kù nínú èyí tí a fi ṣínu nígbà ààwẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí tó fi fẹ́lẹ́ bí ẹ̀kọ, ó pò ó mọ́ ọn. Ó mú óòtì gbígbẹ tí wọ́n fi ń ṣe ògì òyìnbó, ó fi òróró àgbọn díẹ̀ rá a, ó wọ́n ọn sí orí rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn wọ́n iyanrìn bo ẹrẹ̀. Ó wọ inú ófìnnì. Ó jáde pẹ̀lú ẹ̀yìn pupa rúsúrúsú, oje èso ń tú pùkẹ̀pùkẹ̀ láàárín rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ kó tutù, ó wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀.

“Dádì, ẹ bu èyí fún Mọ́mì pẹ̀lú oògùn ọ̀sán. Ti Mọ́mì ni o. Ẹ má fọwọ́ kàn án.”

“Kí ni ẹni bíi tèmi ń fi oúnjẹ tí kò ní ṣúgà ṣe?”

Nígbà tó di ọ̀sán, mo gbé e kaná díẹ̀, mo bu ún, mo gbé e síwájú ìyá wọn lórí tábìlì. Ó bèèrè bí mo bá ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun. Òótọ́ ni, lọ́jọ́ yẹn, mo ti jẹ ìrẹsì lábẹ́ ilẹ̀. Ó wò mí, ó yí ojú sí fèrèsé. Inú bí mi. Mo wo ojú tí mo ti ń wò láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú, mo rí bó ti ṣe wọ inú, mo sì rò ó pé báyìí ni obìnrin yìí ṣe máa lọ, níwájú oúnjẹ. Mo já ṣíbí náà gbà, mo bù ú gègèrè, mo sọ ọ́ sẹ́nu. Inú rẹ̀ ṣì gbóná! Ó jó mi láhọ́n. Ó kan débi pé ojú mi méjèèjì di pọ̀. Mo jó yí tábìlì po, mo fẹ́ ẹnu mi, mo gbé e mì tipátipá.

Nígbà tí mo la ojú, ó ti yí padà sí mi. Ọ̀fun mi ló ń wò.

“Ẹ tún jẹ ẹ́,” ó wí.

Mo tún jẹ ẹ́. Ó na ọwọ́, ó gba ṣíbí náà lọ́wọ́ mi, ó bù ú, ó jẹ ẹ́. Ó tún bù ú. Mo dúró bí òpó. N kò lè mí, kí ó má baà dúró. Ó jẹ ẹ́ títí tó fi ń ha ìdí àwo.

“Ìyá wọn,” mo ní, “kí ló dé?”

“Ojú mi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ẹ ti gbàgbé ọdún tí ẹ́ńjìnnì lọ́rì yín kú? Ẹ̀ ń wọlé, ẹ ní ẹ ti jẹun lójú ọ̀nà. Mo gbà yín gbọ́. Èmi àtàwọn ọmọ ń jẹ gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò. Ìgbà tí ẹ dákú lẹ́bàá kànga ni mo tó mọ̀ pé omi lẹ̀ ń mu.” Ó nu ẹnu rẹ̀. “Mo bá Ọlọ́run mi sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá ti wà nílé, mi ò ní í fi oúnjẹ kan ẹnu àfi tí mo bá fojú mi rí i pé ẹ gbé e mì. Ojú mi o. Kì í ṣe etí mi.”

Láti ọdún yẹn ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, èmi kò sì mọ̀. Nílé tiwa, èmi ni wọ́n máa ń gbé oúnjẹ fún ṣáájú, òun á máa ṣe bí ẹni tó ń tún nǹkan ṣe nítòsí, mo rò pé iṣẹ́ ilé ló ń ṣe. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń gbé tirẹ̀ ṣáájú, tí wọ́n wá gbé ọkọ rẹ̀ pa mọ́ sábẹ́ ilẹ̀. Àánú la fi ṣe é.

Nígbà tí ọmọ wa dé, tó gbọ́, kò bọ́ bàtà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. “Mọ́mì, ṣé ẹ ò lè sọ fún wa ni?”

“Kí n sọ kí ni fún ẹ? Ìwọ náà ń bá a gbè é. ‘Wọ́n ti jẹun, wọ́n ti jẹun.’ Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé ilé-ìwé bàbá rẹ lo lọ?”

Mo jáde kúrò lábẹ́ ilẹ̀. Mo ń jẹ ewébẹ̀ aláìníyọ̀ níwájú rẹ̀, mo ń jẹ ẹja tí kò ní adùn, mo ń jẹ ṣẹ́rì tó ń kan mí lẹ́yìn etí, màá sì ya ẹnu sílẹ̀ bí ọmọ tó mu oògùn kó lè rí i pé ó ti lọ. Òun náà á wá jẹ tirẹ̀. Ṣẹ́rì ló fẹ́ràn jù. Dókítà gbé e lé òṣùwọ̀n, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká máa bá a lọ, tó bá tún fi díẹ̀ kún un, kó máa lọ sílé. Ìyá wọn pe àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn pé kó ṣí fèrèsé yàrá òun kí atẹ́gùn wọ ibẹ̀. Ó yan ìró tó máa ró nínú bàálù, ó ká a sórí àga.

Ooru ń lọ sópin. A ti ń lo èyí tí a kó sínú fìríìsà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Àílà, mo gbé àwo sáàárín wa bí ìṣe wa. Mo jẹ tèmi, mo ya ẹnu. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ sí mi. Kò na ọwọ́. Mo rò pé bóyá kò rí i dáadáa, mo tún bu òmíràn, mo sún mọ́ ọn, mo gbé e mì kí ọ̀fun mi lè hàn. Mo ní, “Ìyá wọn, o rí i? Mo ti jẹ ẹ́.” Mo tún bù ú. Èmi nìkan ni mo jẹ àwo yẹn tán kí n tó pa ojú rẹ̀ dé.

A sin ín kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀, ní apá àwọn Mùsùlùmí nínú itẹ́ òkú kan tí kò jìnnà sílé. Ọmọ mi bi mí bí mo bá fẹ́ ká gbé e lọ. Mo rántí pé òun gan-an ló ní kí a má ti òun mọ́ inú yìnyín. Mo ní rárá.

Àwọn ará ilé ṣì ń pè mí. Wọ́n ní kí n máa bọ̀, kí ni mo tún ń dúró ṣe? Mo ní orúnkún ló ń yọ mí lẹ́nu, pé dókítà ní bàálù á fọ́ ọ túútúú. Orúnkún mi le ju tiwọn lọ. Òun tó fẹ́ lọ sílé kò lọ, èmi tí n kò bèèrè ọ̀nà ni wọ́n là á fún. Pẹlẹbẹ ni òkúta orí sàréè wọn níhìn-ín, kò ga ju ilẹ̀ lọ. Bí yìnyín bá bọ́ nígbà òtútù, gbogbo ibẹ̀ á funfun, ẹnikẹ́ni kò ní mọ ti ta ni ti ta ni. Ọmọ mi pàápàá máa ń ṣìnà níbẹ̀. Èmi kì í ṣìnà. Màá rìn tààrà, màá fi ọwọ́ gbá yìnyín kúrò títí orúkọ rẹ̀ yóò fi yọ, màá jókòó tì í títí ọmọ mi yóò fi fun fèrè mọ́tò pé òtútù á pa mí. Ìbàdàn dára, ilé mi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ, ta ló máa mọ ibi tí ó wà?