Ọjọ́ Tí A Ní Kí Àlejò Kúrò Lórí Adágún

Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ ojú omi oníẹ́ńjìnnì wá sórí adágún wa lẹ́yìn Sapele Road ní Bìní níbí, ìwọ Tọ́lá tó ń bá mi kọ èyí kò tíì mọ ìwé kà. Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Etí adágún yẹn la ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ tí mo fi ń ṣe fùfú tí mò ń tà ní ọjà Santana. A ó bẹ ẹ́, a ó kó o sínú àpò, a ó so àpò mọ́ èèkàn nínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin. Omi gbọ́dọ̀ dúró jẹ́ẹ́. Èèkàn tèmi àti ti Ìyá Osaro, ọmọ Bìní pọ́ńbélé, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí. Bí ara mi ò bá yá, òun ló ń bá mi wo àpò mi.

Nígbà tí ọkọ̀ dé, gbogbo Sátidé ni àwọn onímọ́tò nọ́ńbà Èkó ń ya wá gùn ún ṣe fàájì. Ẹ́ńjìnnì á máa han gooro, ìgbì á máa fa àpò wa tu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá àpò mẹ́ta tèmi tó ti ya, ẹ̀gẹ́ mi ń léfòó kiri bí òkú ẹja. Lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò rí nǹkan kan gbé lọ sọ́jà.

La bá dìde. Àwa obìnrin ru ẹ̀gẹ́ tó bàjẹ́ lọ sójúde Odionwere, àgbà àdúgbò wa. Ó ń rùn, a sì fẹ́ kó rùn. Èmi ni mo dá orin, mo fi Pijin dá a kí gbogbo wa lè gbè é: kí àlejò máa lọ sílé wọn. Orin náà dùn. Odionwere ní ká padà wá, ká tò: ẹni tó fẹ́ ọkọ̀ lápá kan, ẹni tí kò fẹ́ lápá kejì.

Lọ́jọ́ tí a padà lọ, a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò tán ni Osaro jáde síta. Ọmọ Ìyá Osaro yìí ló ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ gba èrò. Mo ti pọ̀n ọ́n rí. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Mama Fùfú, you sef, where you from?"

Mo ní Ọ̀wọ̀ ni.

"Ehen. Make visitor go house. No be your song?"

Ẹ̀rín bú sọ́tùn-ún sósì. Àwọn ọ̀dọ́ ní àlejò kì í dìbò. Mo yọ ara mi kúrò lórí ìlà, mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn obìnrin Úróbò àti Ìgbò tẹ̀ lé mi. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ìgbà náà ni Ìyá Osaro kúrò níwájú ìlà, ó wá dúró sẹ́yìn mi, ó di ìró mi mú.

"Bí ẹ ò bá ka ẹni tó wà níwájú mi, ẹ má ka èmi náà."

Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó rọra bi í ní èdè Bìní pé ẹ̀yìn ta ló sùn sí nígbà tí òun wà ní ọsibítù. Osaro wo ilẹ̀. Làwọn obìnrin Bìní yòókù bá ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Odionwere ò ka ìlà mọ́. Ó ní kí wọ́n ri ọparun sínú omi, kí ẹ́ńjìnnì kankan má kọjá rẹ̀.

Ohun tí a rí gbà nìyẹn: ọparun. Ariwo ò dín, ọkọ̀ sì ti pọ̀ sí i. Osaro ò jẹun nílé ìyá rẹ̀ mọ́, èyí sì ń dùn mí ju àpò mẹ́ta lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́bìnrin wá bá mi. Wọ́n ní àwọn ọlọ́kọ̀ ti fa ọparun tu, kí n wá ṣáájú àwọn. Mo ní kí wọ́n kọ orin wọn kí n gbọ́. Orin mi ni. Mo ní kí wọ́n yọ àlejò kúrò níbẹ̀, kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì sí i. Àlejò kọ́ ló tú àpò mi. Wọ́n ní kò ní dùn ún gbè.

Mo ní kí wọ́n gbè é bẹ́ẹ̀.

Tọ́lá, ṣé ìwọ náà ń gbọ́ ọ? Wọ́n ti ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Fi bírò yẹn sílẹ̀, jẹ́ ká lọ wo àpò wa.