Ìyẹ̀fun Abẹ́ Kúbùsù

Bàbá Ojúmọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé òórùn búrẹ́dì rẹ̀ ló máa ń jí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, nínú ilé gígùn kan tí ààrò ńlá wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Nígbà náà, bí oòrùn bá ti wọ̀, bàbá rẹ̀ á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri. Bí ògiri bá ti tutù, wọn á po ìyẹ̀fun sínú ọpọ́n, wọn á sì fi kúbùsù bò ó bí ẹni bo ọmọ tó ń sùn, kí òtútù má baà pa yíìsì inú rẹ̀ tó ń mú un wú. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni yóò máa wú títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó ṣì ń rántí òtútù yẹn, bí èémí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń rú bí èéfín lẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn ọmọ ilé á sì máa du ẹ̀gbẹ́ ààrò bí ológbò.

Ọdún ń gorí ọdún, òtútù ń dín kù. Nígbà tó yá, ògiri kì í tutù mọ́ rárá. Bí ilẹ̀ ti ṣú tó, ńṣe ló ń gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Síbẹ̀ Bàbá Ojúmọ́ kò yí ọwọ́ padà. Àṣálẹ́ ló ń pò ó, kúbùsù ló ń fi bò ó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìyẹ̀fun á ti wú kọjá etí ọpọ́n, á sì ti kan.

Ìyá tó ń bójú tó ilé ìdáná ilé ìwòsàn, oníbàárà rẹ̀ tó tóbi jù, dá búrẹ́dì padà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní àwọn aláìsàn òun ò gbọdọ̀ tún fi inú rírun kún àìsàn. Bí ó bá tún kan, òun á wá ẹlòmíràn. Bí ilé ìwòsàn bá lọ, ààrò kú nìyẹn.

Àbíkẹ́yìn Bàbá Ojúmọ́ lóbìnrin, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé omi dídì ni kí wọ́n máa fi pò ó, kó sì di ìdájí kí wọ́n tó pò ó. Bàbá ní bàbá òun ò fọwọ́ kan omi dídì rí. Lọ́jọ́ ìdápadà kejì, ọmọ náà bá a nídìí ọpọ́n, òógùn bo bàbá náà.

“Bàbá mi, ẹ̀yin fúnra yín, ta ló ń da kúbùsù bora nínú ooru yìí?”

“N ò lè tú ìyẹ̀fun síhòòhò lójú bàbá mi.”

“Bàbá àgbà náà ì bá tú u. Ògiri ni wọ́n ń bi léèrè, wọn ò bi kúbùsù.”

Bàbá fọwọ́ kan ògiri, ó sì ní kó lọ wá omi dídì.

Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé búrẹ́dì lọ sílé ìwòsàn. Ìyá ilé ìdáná bu ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó ní kí wọ́n kó o wọlé. Bàbá náà tọ́ ọ wò. Ó dùn. Ṣùgbọ́n adùn kan tí òru gígùn tútù máa ń fi sílẹ̀ nínú búrẹ́dì, ó wá a títí, kò rí i. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó délé, ó pe ọmọ rẹ̀.

“Ìyá mi, ìgbà wo la máa pò ó lọ́la?”

Látọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò bi ẹnì kankan bẹ́ẹ̀ rí.