Ewé Funfun Nínú Yàrá Ìyá Mi

Ìyá mi máa ń sọ pé sùúrù ni baba ìwà. Èmi ò tíì bá baba náà pàdé rí. Lọ́sẹ̀ tí mo kó àwọn òwú tí mo gbìn sínú ike wá sílé wa ní Ire-Akari, mo ń jókòó, mo ń dìde. Amúlétutù yàrá ìwádìí ilé-ẹ̀kọ́ wa ló bàjẹ́, iṣẹ́ mi ò sì fẹ́ ooru. Yàrá ìyá mi nìkan ló ní amúlétutù nílé wa, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Kí n tó bẹ̀bẹ̀ tán, wọ́n ti gbé ìrọ̀rí wọn lọ sí pálọ̀.

Fáírọ́ọ̀sì tó ń bá ewéko jà ni mo fi ń ṣiṣẹ́. A dín agbára rẹ̀ kù, a sì fi ègé kékeré lára àbùdá òwú, ìyẹn jíìnì rẹ̀, sínú rẹ̀. Bí òwú bá ti ń bá a jà, yóò pa àbùdá tirẹ̀ náà lẹ́nu mọ́, àbùdá yẹn ò sì ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Àbùdá tó ń fún ewé láwọ̀ la fi ń dán an wò. Bí ewé tuntun bá funfun, ọ̀nà náà ṣiṣẹ́ nìyẹn, a ó sì lè fi ọ̀nà kan náà wá àbùdá tó ń ran òwú lọ́wọ́ lásìkò ọ̀dá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ooru ti bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀gá mi ní bó bá tún bàjẹ́, òun á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

Mo ṣàlàyé fún ìyá mi títí. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé òwú mi ń ṣàìsàn. Bí wọ́n bá ti Òṣòdì dé, níbi tí wọ́n ti ń ta òwú ìránṣọ, wọ́n á kírun, wọ́n á ní kí Ọlọ́run wò ó sàn. Èmi náà ń bẹ Ọlọ́run kan náà pé kí ewé rẹ̀ ṣáà funfun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, inú wọn ń dùn.

"Mo wọlé lọ mú ẹní ìkírun mi, mo rí ewé kan tó ti ń funfun. Mo ti já a dànù kó tó ran àwọn tó kù. Bá a ṣe ń ṣe é lóko wa n'Ísẹ́yìn nìyẹn."

Orí mi gbóná. "Màámi, ewé yẹn gan-an ni mo ń retí!"

Mo sáré lọ tú garawa ìdọ̀tí. Ó ti ṣófo, àwọn akólẹ̀ ti kọjá. Nígbà tí mo padà wọlé, wọ́n ti jókòó sórí àga tí wọ́n ń sùn lé, òógùn bo ọrùn wọn, ẹsẹ̀ wọn wú. Àánú wọn ṣe mí, inú sì tún ń bí mi.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó, mo ń dìde. Nígbà tó yá, Màámi fúnra wọn ló pè mí. Mo bá wọn nínú yàrá, wọ́n káwọ́ pọ̀nyìn. Àwọn ewé tuntun ti yọ, funfun báláú.

"Mi ò fọwọ́ kàn án o," ni wọ́n wí, omijé lójú wọn. "Ó ti ń kú."

Mo dì mọ́ wọn, mo ń fò sókè. "Ó ṣiṣẹ́, Màámi! Ó ṣiṣẹ́!"

Wọ́n wo ewé náà, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé mo wá lè padà sí yàrá mi báyìí?"

Mo yíjú sí àwọn ike òwú náà. Ìdánwò la ṣẹ̀ṣẹ̀ yege, iṣẹ́ gan-an ò tíì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wojú mi díẹ̀, wọ́n mú ẹní ìkírun wọn lórí ibùsùn, wọ́n jáde, wọ́n sì fa ilẹ̀kùn yàrá náà pa dé jẹ́jẹ́ kí ooru má bàa wọlé.