Géèmù Tí Kò Ṣí Lórí Fóònù Àbíkẹ́yìn Wa

Bí ẹ bá dé ilé ìtẹ̀wé tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, tí ẹ béèrè rẹ̀ ní orúkọ, wọ́n á máa wojú ara wọn. Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ béèrè. Òun ló ń kó bébà sẹ́nu ẹ̀rọ, òun náà ló sì ń gé e nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán. Ó ti lo ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún un rí pé kó yára tí kò dá lóhùn pé, "Díẹ̀díẹ̀ ni." Yíǹkì dúdú kì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ alágbàfọ̀, tí mò ń bọ́ ìdọ̀tí kúrò lára aṣọ gbogbo àdúgbò, apá mi ò ká èékánná ọkọ tèmi. Ó máa ń tìtorí ìyẹn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn oníbàárà.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ o: bí a bá jọ wà pa pọ̀, "ẹ" ni mo ń bá a lò. Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, ẹ má lọ sọ fún un pé mo ń pè é ní "ó".

Ohun tó máa ń ṣe tó bá tibi iṣẹ́ dé ni mo fẹ́ rò fún yín. Ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, géèmù ló ń kọ. Kì í tà á, ẹnikẹ́ni ò sì bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Kọ̀ǹpútà àlòkù kan wà lórí tábìlì nínú yàrá tí àwọn ọmọ wa máa ń sùn nígbà kan, ó kọjú sí fèrèsé, ibẹ̀ ló máa ń lọ jókòó sí. Ó ti kọ ọ̀kan tí ìgbín ń gun ògiri. Mo ní, "Ta ló fẹ́ fi ìgbín ṣe géèmù? Ìgbà wo ló fẹ́ dé òkè?" Ó ní ìgbín náà kò bi òun léèrè. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, àbíkẹ́yìn wa ló sì fà á.

Ọmọbìnrin ni. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì fi ìwà jọ mí, òun nìkan ló kó orí kunkun bàbá rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bàbá rẹ̀ bẹ ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé títí wọ́n fi gbà á sí ọ́fíìsì. Oṣù méjì péré ló ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó kàn dìde lórí àga, kò dágbére fún ẹnì kankan, ó ní búrẹ́dì lòun fẹ́ máa ṣe. Ojú ti ọkọ mi níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Bó ṣe délé, ó là á mọ́lẹ̀ pé, "Ẹni tó bá lè ṣe báyìí sí mi, kì í ṣe ọmọ mi." Ọmọ náà kò sunkún. Ó ká aṣọ rẹ̀ sínú àpò, ó lọ sí ìlú mìíràn, ó sì rí ilé búrẹ́dì tó gbà á.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Láti ọjọ́ náà, èmi nìkan ni mò ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bàbá rẹ̀ á wá jókòó tì mí, á gbé ìwé ìròyìn sójú. Mo ti rí i tó wo ojú ewé kan ṣoṣo fún ogójì ìṣẹ́jú. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì ọkọ mi ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀tún ni kò mọ bó ṣe máa gbé e.

Lọ́jọ́ kan ni mo gbé tíì lọ bá a nídìí kọ̀ǹpútà, mo sì rí ọmọbìnrin kékeré kan tó ń sáré nínú géèmù. Ó ń sáré gun àtẹ̀gùn, ó ń fo àtẹ̀gùn kẹrin tó fọ́, ó gba abẹ́ àwọn aṣọ funfun tí wọ́n sá sórí okùn kọjá. Mo wò ó títí. Ilé wa ni! Àtẹ̀gùn wa ni, okùn aṣọ mi ni, kódà ìkòkò tó máa ń gbomi òjò lábẹ́ òrùlé wa wà níbẹ̀.

Mo ní, "Ta lọmọ yìí?"

Ó ní, "Ọmọ inú géèmù ni."

"Ọmọ inú géèmù ló ní àpá lórúnkún bíi ti àbíkẹ́yìn?"

Ó kàn ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Mo sọ̀ kalẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo fi bẹ́ẹ̀dìṣíìtì oníbàárà nu ojú, mo sì ní láti tún un fọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ o. Sọ́fúwíà tí wọ́n fi ń kọ géèmù máa ń jáde lẹ́dà lẹ́dà. Ẹ̀dà kẹta ni ọkọ mi ń lò láti ọdún pípẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ́ ọn. Nígbà tí iṣẹ́ kọjá ìdajì, ẹ̀dà kẹrin jáde. Nínú ẹ̀dà kẹrin, oòrùn máa ń gba ojú fèrèsé wọlé, òjìji èèyàn á sì máa tẹ̀ lé e kiri. Ọkùnrin tí kì í kánjú sí nǹkan kan láyé kánjú sí èyí. Ó fi ẹ̀dà kẹrin ṣí iṣẹ́ náà, kò sì tọ́jú ti tẹ́lẹ̀ síbì kankan. Bí ẹ̀dà kẹrin bá sì ti fọwọ́ kan iṣẹ́, ẹ̀dà kẹta ò lè kà á mọ́. Ẹ̀rọ náà bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Èmi náà rí i lẹ́yìn náà, ó lẹ́wà, mi ò ní purọ́. Òjìji ọmọ náà ń sáré lára ògiri wa.

Kò pẹ́ tó parí iṣẹ́ náà ni àbíkẹ́yìn pè mí pé òun ti ríṣẹ́ sínú ọkọ̀ ojú omi ńlá kan, pé òun lòun á máa ṣe búrẹ́dì wọn. Ọdún méjì gbáko ni, Sátidé ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni wọ́n sì máa gbéra. Mo sọ fún bàbá rẹ̀. Ó ká ìwé ìròyìn rẹ̀ sí mẹ́rin, ó wọ yàrá lọ.

Ní Mọ́ńdè, ó fi géèmù náà ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ. Lọ́dún mẹ́ta, ohun àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́ sí i nìyẹn. Kò kọ "báwo ni", kò kọ "bàbá rẹ ni". Géèmù lásán. Ó fi fóònù sápò àyà lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ní gbogbo ìgbà ló ń fọwọ́ kàn án. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ni èsì dé: "Kò ṣí."

Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ó gbé fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Ṣé o rí i? Ó ti pa mí tì."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ̀! Ẹni tó ní nǹkan ò ṣí, ẹ ní ó pa yín tì."

Kò gbọ́, ó ti wọlé lọ sùn láìjẹun. Nígbà tó di àárọ̀ Túsìdè, mo pe ọmọ fúnra mi. Ó ní òun gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹfà, pé ojú fóònù á ṣókùnkùn, á sì padà síbi tó wà. Fóònù tó rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ló ń lò, ó ti gbó. Mo ròyìn fún bàbá rẹ̀. Àwọn kan wà lórí ayélujára tí wọ́n jọ ń kọ géèmù bẹ́ẹ̀, ó bi wọ́n. Obìnrin olùkọ́ ìṣirò kan ló dá a lóhùn: ohun tí wọ́n bá fi ẹ̀dà kẹrin ṣe kì í ṣiṣẹ́ lórí fóònù àtijọ́, ẹ̀dà kẹta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kí ó padà sí ẹ̀dà kẹta, kí ó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, oṣù méjì ni yóò gbà á.

Mo kọ haa! Sátidé ku ọjọ́ mẹ́rin.

Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, "Nítorí òjìji. Ìyá wọn, nítorí òjìji lásán ni mo ṣe pàdánù ọmọ yìí lẹ́ẹ̀kejì." Mi ò rí i kó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo gbàgbé láti bá a jà.

Ìgbà náà ni mo rántí pé àwọn tó ń kọ géèmù máa ń fi géèmù wọn ṣeré fúnra wọn, wọ́n á sì gba fídíò rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn tí kò lè fi í ṣeré lè wò ó. Mo ní, "Ẹ gba fídíò rẹ̀ fún un. Fídíò máa ṣí lórí fóònù rẹ̀." Ojú rẹ̀ là.

Ní Wẹ́sìdè, kò lọ síbi iṣẹ́. Láti àárọ̀ ló ti ń fi sọ́fúwíà tó ń gba fídíò sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà arúgbó yẹn ò lè ṣe méjèèjì pọ̀. Bí fídíò bá bẹ̀rẹ̀, ọmọ inú géèmù á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì dún kó tó gbẹ́sẹ̀. Ó yọ èyí kúrò, ó fi ẹ̀dà rẹ̀ tó fúyẹ́ jù sí i. Ó yọ ìyẹn náà, ó wá èyí tó ti pé ọdún mẹ́wàá jáde. Agogo méjì ọ̀sán lu, kò tíì rí ìṣẹ́jú kan tó dára gbà.

Mo gòkè lọ bá a. Mo ní, "Ẹ fi fóònù yà á."

Ó fajú ro. "Kí n gbé fóònù síwájú kọ̀ǹpútà? Àwọn ẹgbẹ́ mi á fi mí ṣẹ̀sín."

"Ṣé ẹgbẹ́ yín ló ń wọkọ̀ ojú omi ní Sátidé?"

Mo to ìwé atúmọ̀ èdè mẹ́rin tó kó wá láti ibi iṣẹ́ léra, mo fi igo ṣítáàṣì mi gbé fóònù ró, mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ géèmù. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló gbà á láti gba inú gbogbo ilé náà kọjá, mo sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, mi ò mí sókè.

Nígbà tó parí, ó ń na ìka rẹ̀ tó ti le, ó ní kí n wo fídíò náà bóyá ó dára. Mo wò ó. Ilé ń lọ, ọmọ ń sáré. Nígbà tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn, ojú kọ̀ǹpútà dúdú, oòrùn láti fèrèsé sì kọlu ojú ọkọ mi. Ṣe ló yọ nínú gíláàsì kọ̀ǹpútà kedere: orí funfun báláú, gíláàsì ojú tó yọ́ wá sí imú, ahọ́n tó fi eyín di mú. Àti ohùn rẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ń sọ̀rọ̀. "Rọra. Rọra, àtẹ̀gùn yẹn ti fọ́. Ó dáa. Fò, ọmọ mi. Bàbá ẹ wà ńbí. Fò."

Ó ní, "Ṣé ó dára?"

Mo mọ ẹni tí mo fẹ́. Bó bá rí i, á ní ìmọ́lẹ̀ ti bà á jẹ́, á pa á rẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "Ó dára. Kò kù síbì kan." Mo ti fi í ránṣẹ́ sí àbíkẹ́yìn kó tó na ọwọ́ pé kí n gbé e wá. Kí Ọlọ́run foríjì mí.

Kò tó wákàtí kan tí fóònù fi dún.

"Màámi." Ó ní, "Ìgbà wo lorí Bàámi funfun tó báyìí?"

Mo bojú wo orí ọkọ mi.

"Gbogbo ìgbà tí mo bá bi yín, ẹ máa ń ní ara wọn le."

"Ara wọn le, ọmọ mi."

"Wọ́n ti darúgbó, Màámi. Ẹ ò sọ fún mi." Ó bú sẹ́kún. Mo gbọ́ ìró àwọn páànù búrẹ́dì lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ gbé fóònù fún wọn."

Mo gbé e fún un. Mo fi etí mi lé ẹ̀yìn fóònù náà, ojú ò tì mí.

Ọkọ mi ní, "Ẹ̀dà kẹta ló yẹ kí n fi ṣe é. Ẹ̀dà kẹrin ni mo lò. Mo ṣàṣìṣe."

Ọmọ ní, "Kò sí wàhálà, Bàámi."

"Wàhálà wà ńbẹ̀." Ó dìde dúró. "Kì í ṣe ti géèmù nìkan ni mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ẹ lọ́jọ́ náà, kò yẹ kí n sọ ọ́. Ọmọ mi ni ẹ́. Dárí jì mí."

Mo gbọ́ tí ọmọ fọn ikun. Ó wá ní, "Agogo méjì ọ̀sán Sátidé lọkọ̀ máa gbéra. Wọ́n máa ń gba ẹbí láyè títí dé ibi àtẹ̀gùn ọkọ̀."

Ọkọ mi gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń bi mí níbo ni mo fi bàtà òun sí. Wẹ́sìdè la ṣì wà o.