Sístà Adùnọlá àti Ìwé Kan Ṣoṣo ní Ẹsẹ̀ Ibùsùn

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà ọdún 1964, ni mo kọ́kọ́ pàdé Sístà Adùnọlá Ògúnlẹ́yẹ, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Kí wọ́n tó béèrè orúkọ mi, wọ́n ní kí n bọ́ bàtà mi, nítorí pé ó ń dún.

Bàbá mi, Àkànmú káfíńtà, ni a gbé wá. Ìṣó gún wọn lẹ́sẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kan òrùlé ní Bódìjà. Wọ́n fi epo gbígbóná jó ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹnu wọn há; àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì ni. Bí ariwo bá ta díẹ̀, gbogbo ara wọn a le gan-an bí igi.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni Sístà, wọ́n sì ti lé ní ogójì ọdún. Kí wọ́n tó dé wọ́ọ̀dù yẹn, dókítà kọ̀ọ̀kan a máa kọ ìwé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí a fún aláìsàn ní oògùn oorun, òmíràn tí kò mọ̀ a tún fún un. Sístà fi ìwé kan ṣoṣo kọ́ sí ẹsẹ̀ ibùsùn aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn máa kọ sínú rẹ̀. Ní àràárọ̀, gbogbo wọn a pé yí i ká: àwọn dókítà, apòògùn, àwọn nọ́ọ̀sì, àti Mùkáílà agbálẹ̀.

“Sístà, ṣé agbálẹ̀ náà fẹ́ kọ oògùn fún wa ni?” Dókítà oníṣẹ́ abẹ ni ó ń ṣe yẹ̀yẹ́.

“Rárá, sà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti lọ, òun ló kù. Mùkáílà, sọ tìrẹ.”

“Irin garawa mi ni, Dókítà. Bó bá ti dún, ara baba á le. Mo ti fi àkísà wé e.”

Dókítà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Ní ọjọ́ Ẹtì, èémí bàbá mi kò jáde dáadáa mọ́. Wọ́n la ọ̀fun wọn, wọ́n ki ọ̀pá rọ́bà bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ èémí kan ṣoṣo tí ó wà ń bẹ lára ẹlòmíràn, nítorí náà ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ àpò afẹ́fẹ́ fún wọn, ní ìyípo, dókítà, nọ́ọ̀sì, títí kan Mùkáílà, fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé, ìyá bàbá mi dé láti Mọníyà.

“Ìyá, ẹ kàn di ọwọ́ wọn mú,” ni Sístà wí. “Ẹ má sọ̀rọ̀ rárá.”

Ṣùgbọ́n ìyá wo ni yóò rí ọmọ rẹ̀ tí ó ń lọ, tí kò ní fi oríkì pè é?

“Àkànmú! Àkànmú mi, padà o!”

Ara bàbá mi le, ọ̀pá náà sì yọ. Gbogbo wọn sáré bò wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò béèrè pé iṣẹ́ ta ni. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá dúró síbẹ̀ bí òpó. Nígbà tí ó yá, wọ́n dáwọ́ dúró; bàbá mi ti lọ.

“Kí ni mo ṣe?” ni Ìyá àgbà ń bi wọ́n.

Sístà dì wọ́n mú. “Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Ìyá. Àrùn náà ni.”

Bí igbe yẹn ni o, bí àrùn náà ni o, àwọn dókítà kò lè sọ. Ṣùgbọ́n àwọn ìbátan wa ní Agbówó ń sọ pé Sístà ni ó fa ọ̀pá yọ. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Sístà. Wọ́n ní kí n má sọ létí Ìyá àgbà láéláé pé ìgbà tí Ìyá kígbe ni ọ̀pá náà yọ. Ìyá àgbà papò dà ní ọdún tí ó kọjá, ìdí nìyí tí mo fi lè kọ ọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní Agbówó, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kì í ṣe Sístà Adùnọlá ni ó pa bàbá mi.